Kí ló wà nínú Avenida Brasil tí ìyá mi ò fi lè sùn?

ỌmọAláró (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn eré tẹlifíṣọ̀n pọ̀ nínú wa.

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Aláró ni wọ́n ní Ìtòkú títí ẹ̀yìn dídùn fi dá wọn dúró. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Potogí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò mi kó eré Brazil kan wálé nínú fíláàṣì, Avenida Brasil lorúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wò ó. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló bá jókòó ti ìyá àgbà, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ìyá mi á tú etí ìró wọn, wọ́n á yọ owó, wọ́n á ní ká lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó: ọmọdébìnrin kan wà tó ń jẹ́ Rita, ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ Genésio sì fẹ́ obìnrin mìíràn, Carminha. Carminha yìí ní àlè, Max. Àwọn méjèèjì pète láti kó owó ilé tí bàbá Rita tà. Ọmọ gbọ́, ọmọ sọ fún bàbá. Lóru tí bàbá mọ òótọ́, ọkọ̀ kọlù ú lójú títì Avenida Brasil ní Rio. Tufão, agbábọ́ọ̀lù Flamengo, ló wà nídìí ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá kú sí. Ẹ̀rí-ọkàn ò jẹ́ kí Tufão sinmi, ó wá opó olóògbé lọ láti tọ́jú rẹ̀, nígbẹ̀yìn ó fi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ Carminha. Carminha sì ti ní kí Max lọ já Rita sílẹ̀ ní ààtàn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣa ike àti irin fún ọkùnrin kan tó ń jẹ wọ́n níyà.

Rita bọ́ sọ́wọ́ tọkọtaya ará Ajẹntínà, wọ́n tọ́ ọ dàgbà, ó di Nina, ó kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè. Ó padà sí Rio, ó gba iṣẹ́ alásè nílé Tufão. Ojoojúmọ́ ni Carminha ń jẹ oúnjẹ tí ọmọ tó dà sí ààtàn sè, kò sì dá a mọ̀.

Ìyàwó bàbá tó burú kún inú eré tiwa, ó kún inú àlọ́ wa. Kí ló wá dé tó jẹ́ èyí ló mú ìyá mi báyìí? Lọ́jọ́ tí Max já ọmọ náà sílẹ̀, ìyá mi sunkún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti rí omi lójú wọn: ọjọ́ tí bàbá mi kú, àti ọjọ́ tí wọ́n ta ìkòkò aró wọn.

Apá 60 la dé nínú 179. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bó ṣe parí.

Ìyá Dàmọ́lá (Ìkòròdú)

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín. Mo ti wò ó tán lẹ́ẹ̀mejì, mi ò ní sọ òpin.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó bàbá nìkan. Tábìlì oúnjẹ ilé yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. Leleco bàbá Tufão wà níbẹ̀, Muricy ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, Ivana ọmọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ wà lẹ́nu, ẹnìkan ò gbọ́ ti ẹnìkejì. Bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ra wọn ni wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ara wọn. Ilé ńlá tí ẹ̀yin àtèmi ti jáde wá nìyẹn. Àárín wọn gan-an lọ̀tá wá jókòó sí. Max, àlè Carminha, ló fẹ́ Ivana, kí ó lè máa sùn sábẹ́ òrùlé kan náà. Carminha ń pe àlè rẹ̀ ní àna lójú gbogbo ilé! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìyá yín ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ eré náà.

Àjàní Mushin

Tufão ló mú èmi. Ní Rio, ẹni tó bá ti lówó, etí òkun níhà gúúsù ló ń sá lọ, Ipanema tàbí Leblon. Tufão gba owó bọ́ọ̀lù, ó ní Divino tí òun ti jáde lòun máa gbé, ibẹ̀ ló kọ́ ilé aláriwo rẹ̀ sí, pẹ̀lú ìyá, bàbá àti gbogbo ẹbí. Divino kò sí lójú máàpù o, àwọn tó ṣe eré náà ló dá a sílẹ̀, wọ́n fi jọ àwọn àdúgbò ìhà àríwá ìlú náà bíi Madureira. Àmọ́ èmi tí mo dàgbà ní Mushin mọ Divino dáadáa. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí níbi tí òfófó ti ń bẹ̀rẹ̀, mo mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò tí kò lówó bàtà, mo mọ ọkùnrin rere tí gbogbo ènìyàn ń jẹ lára rẹ̀ tí kò fura. Bí wọ́n bá ń tan Tufão jẹ báyẹn, inú mi máa ń ru.

Akínbàhíà (Salvador)

Ẹ kú ìjókòó. Láti 2009 ni mo ti ń gbé níbí ní Salvador, ní Brazil, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí: mo máa ń gbọ́ kí wọ́n pe gbogbo eré báyìí ní Tẹlimúńdò nílé. Ti Amẹ́ríkà ni Tẹlimúńdò, Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. The Rich Also Cry tí àwọn ìyá wa wò nígbà kan, ti Mẹ́síkò ni. Brazil ní tirẹ̀, Potogí ni wọ́n ń sọ, TV Globo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965 sì ni ilé eré wọn tó tóbi jù. Novela ni wọ́n ń pe eré tẹlifíṣọ̀n alápá púpọ̀ báyìí, novela agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2012, alẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó parí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Alẹ́ ọjọ́ tó parí yẹn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni. Dilma Rousseff, ààrẹ Brazil nígbà náà, ní ìpolongo ìbò kan ní São Paulo lálẹ́ náà, ńṣe ni wọ́n sún un di ọjọ́ kejì. Àwọn tó ń bójú tó iná mànàmáná orílẹ̀-èdè yìí múra sílẹ̀ ní pàtàkì, torí bí eré bá ti tán báyìí, gbogbo ilé ló máa dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ṣí fíríìjì, wọ́n á lọ wẹ̀, iná ló sì ń gbóná omi ìwẹ̀ níbí. Ní òpópónà tiwa, alákàrà tó máa ń jókòó ní igun gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan síta. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà níbí, ẹ mọ ibi tọ́rọ̀ náà ti wá. Àwa tá a fẹ́ ra àkàrà ò ra nǹkan kan, a dúró yí i ká, òun náà gbàgbé epo lórí iná.

Ìdí tó fi mú wọn tó bẹ́ẹ̀? Láti bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ti ń bọ́ nínú ìṣẹ́ ní Brazil. Wọ́n ra fíríìjì àkọ́kọ́, wọ́n ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n nínú novela agogo mẹ́sàn-án, ilé olówó etí òkun ni wọ́n sábà máa ń rí, àwọn ènìyàn bíi tiwọn á kàn gbé kọfí wọlé, wọ́n á jáde. Avenida Brasil gbé wọn sáàárín gbọ̀ngàn. Títì náà gan-an wà, ó gùn tó kìlómítà 58, òun làwọn òṣìṣẹ́ ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Rio ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ gbafẹ́.

Ti ààtàn náà kì í ṣe àròsọ. Ìtòsí Rio, ní Duque de Caxias, ààtàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Jardim Gramacho, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ṣa nǹkan jẹ níbẹ̀. Oṣù Kẹfà 2012 ni wọ́n tì í pa, nígbà tí eré náà ń lọ lọ́wọ́. Àwọn kan ń wo Rita láàtàn lálẹ́, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn Gramacho láàárọ̀.

Bàbá Ọláìyá (Ìbàdàn)

Ẹ jẹ́ kí àgbà kan sọ tirẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi jọ wò ó, mi ò sì lè bá yín yìn ín.

Nina wọ ilé onílé pẹ̀lú irọ́. Tufão ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà fọkàn tán an, ó ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kà, ó ń sọ àṣírí ọkàn rẹ̀ fún un ní ilé ìdáná. Jorginho, ọmọ tí Tufão gbà tọ́, tí Nina ti fẹ́ràn láti ìgbà ọmọdé láàtàn, òun náà jìyà nínú ẹ̀san yìí. Nígbà tó sì bọ́ sí i lọ́wọ́, tó rí àwòrán Carminha àti àlè rẹ̀ mú, ó fi obìnrin náà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ó ń pariwo mọ́ ọn pé kó bu oúnjẹ fún òun. Mo ní kí ìyàwó mi pa tẹlifíṣọ̀n. Ìwà tó ń bá Carminha jà lé lórí ti di ti òun alára.

Ìyá Dàmọ́lá (Ìkòròdú)

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ náà ní apá 60 làwọn wà!

ỌmọAláró (Abẹ́òkúta)

Kò burú, mà. Òpin nìkan ni mi ò fẹ́ gbọ́. Bàbá, ẹ ṣé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọkùnrin ló sọ bẹ́ẹ̀."

Alásè Peckham

Bàbá, mo wólẹ̀ kí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi sè oúnjẹ nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni mo ń jí kí wọ́n tó jí. Mo mọ ọmọ wọn tí kì í jẹ ẹyin, mo mọ alẹ́ tí ọkọ ò wálé, mo mọ ìdí tí ìyá ọkọ ò fi wá mọ́. Wọ́n máa ń jà níwájú mi bí ẹni pé ògiri ni mí. Lọ́jọ́ tí mo kúrò, ìyá ilé kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún mi, ó ṣi orúkọ mi kọ. Orúkọ mi ò ju sílébù méjì lọ.

Nígbà tí mo wá rí Nina tó ń gbé àwo oúnjẹ síwájú Carminha, tí Carminha ò wò ó lójú, mo dìde lórí àga. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé ṣé ó ṣeé ṣe kí Carminha má dá a mọ̀. Ó ṣeé ṣe! Ta ló ń wo ojú alásè? Inú ọbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó kọ eré yìí mọ̀ pé kò síbi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí tó dáa tó ilé ìdáná. Kò lo oògùn, kò lo ìbọn, ó lo síbí. Ọmọ tí wọ́n fi ebi pa wá di ẹni tí ń bọ́ wọn. Èmi ò sọ pé ó dáa, Bàbá. Lálẹ́ tó ní kí Carminha bu oúnjẹ fún òun yẹn, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí, torí mo rí bó ṣe ń wu Nina. Mi ò rò pé wọ́n fẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún un nìkan. Wọ́n fẹ́ ká rí ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú.

Akínbàhíà (Salvador)

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín gún mi. Ẹ jẹ́ kí n so nǹkan mọ́ ọn. Ọdún 2012 yẹn náà ni Globo ń ṣe novela agogo méje alẹ́, Cheias de Charme, tó jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́ta tó di olórin ló wà láàárín rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2013, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ Brazil ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé lè ní wákàtí iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́jọ lójúmọ́ àti owó àfikún, bí òṣìṣẹ́ mìíràn. Mi ò sọ pé eré ló mú òfin wá, àwọn obìnrin náà ti ń jà fún un láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní ilé ìdáná ló wà lẹ́nu gbogbo ìlú lásìkò yẹn.

Táíwò Òǹkọ̀tàn (Ìbàdàn)

Iṣẹ́ eré kíkọ ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ tó kọ ọ́. João Emanuel Carneiro lorúkọ rẹ̀. Ní 2008 ó kọ A Favorita, níbi tí obìnrin méjì ti ń jà lórí ẹni tó pa ọkùnrin kan, òǹwòran ò sì mọ ẹni tí yóò gbàgbọ́. Nínú Avenida Brasil ó yí i padà: láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la ti mọ gbogbo rẹ̀. A mọ olè, a mọ àlè, a mọ ẹni tí Nina jẹ́. Àwọn ará ilé nìkan ni kò mọ̀. Ohun tó ń dè wá mọ́lẹ̀ ni pé a mọ̀, a ò lè sọ. Ẹ jẹ́wọ́, ta ló wà níbí tí kò tíì pariwo mọ́ Tufão lórí tẹlifíṣọ̀n?

Òǹkọ̀wé tí ò dáa á fi bí Carminha ṣe máa mọ̀ pé Rita ni Nina pamọ́ di apá tó kẹ́yìn. Carneiro tú u síta láàárín eré. Ẹ̀rù bà mí fún un. Kí ló kù? Ìgbà náà ni eré wá bẹ̀rẹ̀, torí obìnrin méjèèjì mọ ara wọn, wọ́n jọ ń gbé ilé kan, kò sí èyí tó lè sọ fún ẹbí. Bí apá kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ parí, àwòrán á dúró sójú ẹni tí ọ̀rọ̀ bá, iná kéékèèké á tàn lẹ́yìn rẹ̀, orin á gbà á. Ẹ ò lè sùn lẹ́yìn ìyẹn.

Wọn kì í sì í kọ ọ́ tán kí wọ́n tó gbé e jáde. Bó ṣe ń lọ ni wọ́n ń kọ, wọ́n ń gbọ́ ohun tí ará ọjà ń sọ. Ṣùgbọ́n ó ní òpin. Àwọn eré ọ̀sán ti Amẹ́ríkà lè lo ogójì ọdún. Ti Brazil á lo oṣù méje, mẹ́jọ, ó tán, kálukú á gbé òkú rẹ̀ sin.

Mi ò gbọdọ̀ gbàgbé Adriana Esteves tó ṣe Carminha. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ìyá ọkọ, ó yíjú padà, ojú ti dà, ìyá ọkọ tún pè é, ojú ti padà bọ̀ sípò. Mo máa ń dá ibi bẹ́ẹ̀ dúró, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ń wá òṣèré tiwa tí mo lè kọ irú rẹ̀ fún.

Ìyá Dàmọ́lá (Ìkòròdú)

Akínbàhíà, ọmọ mi, ìbéèrè kan. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ ní Brazil. Mo wo eré yìí látòkè délẹ̀, mi ò rí wa tó bẹ́ẹ̀. Ibo la wà?

Akínbàhíà (Salvador)

Mà, ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Nínú ilé Tufão, Zezé ọmọ ọ̀dọ̀ ni ojú dúdú tí ẹ máa rántí. Cacau Protásio ló ṣe é, ó sì ṣe é débi pé gbogbo ìlú fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni wọ́n fi sí. Ju ìdajì àwọn ará Brazil lọ ló ń ka ara wọn sí dúdú tàbí ẹlẹ́jẹ̀ àdàlù. Ẹ ò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ látinú novela.

Ní 2004 ni Globo kọ́kọ́ fi obìnrin dúdú ṣe olórí nínú novela tó ń sọ̀rọ̀ ayé òde òní, Taís Araújo, nínú Da Cor do Pecado. Carneiro yìí kan náà ló kọ ọ́! Ní 2018 ó tún kọ Segundo Sol, tó gbé kalẹ̀ sí Salvador níbí, ìlú tó jẹ́ pé bí ẹ bá bọ́ síta ẹ máa rò pé Èkó lẹ wà. Àwọn aláwọ̀ funfun ló kún iwájú eré náà. Inú bí wa. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ̀wé sí Globo lórí rẹ̀. Ìyá kan ní ilé òrìṣà tí mo máa ń lọ sọ pé, "Wọ́n gbé ìlú wa, wọ́n fi wá sílẹ̀." Nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún Vale Tudo, novela Globo àtijọ́ kan, ṣe ní 2025, Taís Araújo ni wọ́n fún ní ipa Raquel, ìyá inú eré náà, Bella Campos ni wọ́n fún ní ipa ọmọ rẹ̀. Ní 1988, funfun làwọn méjèèjì.

Mo fẹ́ràn Avenida Brasil, mà. Ẹ̀dùn náà sì wà níbẹ̀.

Àǹtí Bísí (Houston)

Níwọ̀n bí ẹ ti dárúkọ Vale Tudo: mo lọ sí Havana ní Kúbà, mo rí i pé paladar ni wọ́n ń pe ilé oúnjẹ tí ènìyàn fi yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ṣe. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní inú Vale Tudo ni. Raquel, ìyá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ta ilé mọ́ lórí tó sì sá lọ sí Rio, bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì létí òkun, ó wá di oníṣòwò oúnjẹ ńlá, Paladar ló sì pe ilé iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kúbà gbà kí àwọn ènìyàn máa ta oúnjẹ nílé ní 1993, orúkọ ti wà nílẹ̀.

Ẹ tún padà síbi tí Alásè Peckham bá a dé: obìnrin kan àti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Àjàní Mushin

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Cadinho náà, ọkùnrin olówó kan nínú Avenida Brasil. Ìyàwó mẹ́ta, Verônica, Noêmia, Alexia, ilé mẹ́ta, kò sí èyí tó mọ èkejì. Àwọn ará Brazil rẹ́rìn-ín kú. Bàbá bàbá mi ní mẹ́rin, wọ́n jọ ń se oúnjẹ ọdún.

Ìyá Dàmọ́lá (Ìkòròdú)

Àjàní, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ìyàwó bàbá bàbá rẹ mọra wọn, wọ́n mọ ẹni tó kàn. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Cadinho. Nígbà tí àwọn obìnrin náà mọra wọn tán, ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó pín in láàárín ara wọn bí orogún gidi. Ìgbà náà ni inú mi tó yọ́ sí wọn.

Bàbá Ọláìyá (Ìbàdàn)

Alásè, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á fún ìyàwó mi. Ó ní òun ti wò ó tán láìsí mi, pé nígbà tí mo bá lọ sí ìpàdé ìjọ lòun máa ń wò ó. Mo ti ní kó jẹ́ ká jọ padà síbi tí mo ti pa á.

ỌmọAláró (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀yin ará, ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. A parí rẹ̀ lánàá. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin, kó dúró níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó mọ̀ pé Carminha fúnra rẹ̀, ààtàn ló ti jáde wá, pé Santiago bàbá rẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀, pé Jorginho tó gbà tọ́ níwájú gbogbo ayé, òun ló bí i tó sì fi sílẹ̀ láàtàn. Lẹ́yìn tó ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí ikú Max, kò síbi tó lè lọ mọ́, ó padà sí ààtàn lọ́dọ̀ Ìyá Lucinda, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Nina àti Jorginho gbé ọmọ wọn lọ kí i.

Mo rò pé ìyá mi á bínú. Mo rò pé wọ́n á ní kí Carminha kú. Wọ́n ní kí ọmọ mi dá a padà sẹ́yìn. Ó dá a padà. Wọ́n tún ní kó dá a padà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí á pa tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Mo mọ̀ pé ìyá tó bí wọn kú nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó bàbá wọn lé wọn jáde nílé lóru ọjọ́ òjò, pé abẹ́ ìsọ̀ aláró kan ní Ìtòkú ni wọ́n sùn sí, pé aláró náà ló mú wọn, tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹni tí mo ń pè ní ìyá ìyá mi láti kékeré, Ìyá Lucinda wọn nìyẹn. Mi ò mọ̀.

Mo béèrè pé ìyàwó bàbá wọn ńkọ́. Wọ́n ní ó dàgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ túká, ojú rẹ̀ fọ́. Wọ́n ní, "Mo ń gbé oúnjẹ fún un." Mo ní fún ìgbà wo? Wọ́n ní, "Títí ó fi kú. Ọdún mẹ́rin. Ó mọ̀ pé èmi ni. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò bi í." Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Wọ́n ní ta ló béèrè.

Ọmọ mi ń sunkún. Ìyá mi ò sunkún.

Alásè Peckham

Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sọ pé alásè kan ní Peckham ní kí wọ́n pẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè: kí ni wọ́n máa ń sè fún un?

ỌmọAláró (Abẹ́òkúta)

Mo ti béèrè. Láfún àti ewédú. Wọ́n ní kì í jẹ ẹran nígbà tó kù díẹ̀, torí eyín, nítorí náà wọ́n máa ń ṣa egungun ẹja kúrò kí wọ́n tó gbé e lọ.

Wọ́n ti ní ká tún bẹ̀rẹ̀ láti apá kìn-ín-ní lálẹ́ òní. Mò ń lọ ra epo.